Ògiri Tó Wọ́ Láàárín Imú Mi

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án títí mo fi pé ọdún 41, ihò imú kan ṣoṣo ni mo fi ń mí. Ọdún 32 gbáko ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ bá mi kẹ́dùn ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní gbogbo àkókò náà, kò sí ẹnìkan nínú ẹbí, kò sí ẹnìkan níbi iṣẹ́, èmi alára kò sì mọ̀, pé ohun tó ń ṣe mí ní orúkọ, ó sì ní àtúnṣe. Ọ̀fìnkìn ni gbogbo wa ń pè é. Òjò rọ̀ o, ọyẹ́ dé o, "Ọ̀fìnkìn Tíṣà tún ti dé" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń wí. Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ilé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì tún ògiri tó pín imú mi sí méjì ṣe. Mo dúró títí ara mi fi bọ̀ sípò kí n tó kọ nípa rẹ̀, kí n má baà fi ayọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé orí òkúta ni a ń gbé. Olúmọ nìkan kọ́ ni òkúta ìlú yìí. Ó wà lẹ́yìn ilé, ó wà lẹ́bàá kànga, ó wà láàárín ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà lọ pọnmi. Aláró ni màmá mi ní Ìtòkú, omi kì í sì í tó nílé aláró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì ṣì wà lórí òkúta, mo gbé garawa omi rù, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì fi ojú balẹ̀. Ohun tí mo rántí ni ìró kan tí mo gbọ́ nínú orí mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn sí mi lẹ́nu. Màámi sáré jáde pẹ̀lú aró lọ́wọ́, ó gbá mi mọ́ra, ó gbé orí mi sẹ́yìn, ó ń bu omi tútù sí mi níwájú orí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ mi ní búlúù, a kò sì rí i fọ̀ kúrò títí aṣọ náà fi gbó.

Mo ti mọ̀ nísinsìnyí pé iwájú ló yẹ kí a tẹ orí ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ sí, kí a sì fún ibi tó rọ̀ lára imú náà pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìjọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa ṣàn gba ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa nígbà náà? Imú mi wú, abẹ́ ojú mi méjèèjì dúdú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wíwú náà lọ, imú mi tún dúró ṣánṣán bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, gbogbo ilé sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò wò.

Láti ọjọ́ náà ni ihò imú ọ̀tún ti di ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ kì í gbà. Ọmọ tí nǹkan bá ń ṣe láti kékeré a máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo èèyàn rí. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló ń jí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ọ̀fun tó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, pé gbogbo èèyàn ló ń dá òkèlè dúró lẹ́nu kí ó tó ráyè mí. Ní alẹ́, ẹnu ni mo fi ń mí, mo sì ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi máa ń gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀ ní ọjọ́ tó bá ní láti jí lọ síbi iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Òórùn náà sì bá a lọ. Kí n tó ṣubú, Màámi a máa pè mí sí ìdí ìkòkò aró pé kí n gbọ́ òórùn rẹ̀ bóyá ó ti tó láti rẹ aṣọ sí, nítorí ó ní imú ọmọdé mú ju ti àgbà lọ. Lẹ́yìn ìṣubú náà, ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejèèjì pé n kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì pè mí mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù. Imú ni Ẹlẹ́dàá fi ṣọ́nà fún ẹ̀dọ̀fóró, kí ó máa mú afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó máa fi omi sí i, kí ó sì máa sẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀. Àgbàlagbà kan a sì máa mí afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 10,000 láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ń fi ẹnu mí, láìsẹ́ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ mì, pẹ̀lú eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti apá aṣálẹ̀. Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì, ikọ́ kì í kúrò lẹ́nu mi, ìhà a sì máa dùn mí bí ẹni tó gbé ẹrù wíwúwo.

Síbẹ̀, èyí tó dùn mí jù lọ ni ti ohùn, nítorí ohùn ni mo fi ń jẹun. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ èdè yìí mọ̀ bí imú ti ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ tó: m àti n kò ṣeé pè bí afẹ́fẹ́ kò bá gba imú kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni an, ẹn, in, ọn àti un. Bí imú bá dí, m a di b, n a sì máa jọ d. Ní ọjọ́ tí imú mi méjèèjì bá dí, bí mo bá ní kí ọmọ kan lọ mu omi, ohun tó ń jáde lẹ́nu mi sún mọ́ "bu obi". Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tó dúró níwájú ọmọ 50, tó ń ṣàlàyé fáwẹ́lì àránmúpè fún wọn, tí òun gan-an kò sì lè rán an mú. A máa ń sọ pé èèyàn fi imú dánrin. Èmi fi imú dánrin nínú kíláàsì, mo sì máa ń lọ jókòó sínú ọ́fíìsì lẹ́yìn rẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé a kò wá ìwòsàn. Màámi fi òrí pa imú mi lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó já ewé efinrin, ó ra á lọ́wọ́, ó ní kí n máa fín in símú. Ó bu omi gbígbóná sínú abọ́, ó fi Robb sí i, ó fi aṣọ bò mí lórí títí òógùn fi bò mí. N kò ní kẹ́gàn ohun tí ìyá mi fi ìfẹ́ ṣe, ara sì máa ń tù mí fún bíi wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ́ kò lè tọ́ nítorí pé a fi ooru sí i.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo bá oògùn tí wọ́n ń kán sí imú pàdé ní ilé ìtajà oògùn kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kán an, mo sunkún, nítorí kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, imú òsì mi ti ṣí gbayawu, kódà afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń gba tọ̀tún. Xylometazoline ni wọ́n kọ sára ìgò náà. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ fún mi pé kò yẹ kí èèyàn lò ó ju bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lọ. Mo lò ó fún ọdún mẹ́fà. Ohun tí oògùn náà ń ṣe ni pé ó ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú imú pọ̀, ẹran inú imú a sì sún kì, ọ̀nà a là. Ṣùgbọ́n bí agbára rẹ̀ bá ti tán, àwọn iṣan náà a tún wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èèyàn a sì tún kán òmíràn. Bí ó bá pẹ́, oògùn náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa dí imú tí a ní kí ó là. Ó dé ibi tí n kò lè jáde nílé láìmú ìgò náà dání, tí mo ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru láti kán an. Mo bínú sí ilé ìtajà náà fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, ojú mi ni wọ́n ń rí, owó mi ni wọ́n ń gbà, wọn kò sì bi mí léèrè rí pé, "Ìyá, kí ló dé tí èyí kò tíì tán?"

Ṣíbí kan ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àwọn dókítà kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa láti yẹ etí àwọn ọmọ wò, ọ̀dọ́bìnrin kan nínú wọn sì bá mi jókòó nínú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ láti kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Ó gbọ́ bí mo ti ń ka orúkọ náà, ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ihò imú wo lẹ fi ń mí?"

Mo ní kí ó má ṣèyọnu, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti kékeré."

Ó mú ṣíbí tíì kan lórí tábìlì, ó fi áńkáṣífù nù ún dáadáa, ó gbé e sábẹ́ imú mi, ó ní kí n pa ẹnu dé kí n mí síta jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ṣíbí náà hàn mí. Ní apá tó wà lábẹ́ ihò òsì, èémí mi ti bò ó bí ìrì ṣe máa ń bo gíláàsì mọ́tò ní òwúrọ̀. Ní apá ọ̀tún, ṣíbí náà ń dán gbinrin, mo ń rí ojú mi nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé kò sí ẹni tí ihò imú rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ bákan náà nígbà gbogbo, pé ẹran inú wọn a máa gba iṣẹ́ fún ara wọn láàárín wákàtí mélòó kan, ọ̀kan a wú díẹ̀, èkejì a sún kì; ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pààrọ̀ ni. "Ọ̀fìnkìn kì í mú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo fún ọgbọ̀n ọdún, mà," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo inú rẹ̀."

Mo lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ó de iná mọ́ iwájú orí, ó fi irin kan tó dà bí ẹnu ẹyẹ ṣí ihò imú mi, ó sì fín oògùn tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora sí i, èyí tó korò títí dé ọ̀fun mi. Lẹ́yìn náà ló ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wọlé, ó ní kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní òsì, mo rí ọ̀nà kan tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tó ń dán nítorí omi ara rẹ̀. Ní ọ̀tún, ọ̀pá náà kò rìn jìnnà tó fi dúró. Ògiri àárín ti yọ ikùn bí ìkòkò, ó fara ti ẹran tó wà ní ìkangun, kò ku àyè tí abẹ́rẹ́ yóò gbà kọjá, nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni ṣóńṣó kan wà tó yọrí bí ẹ̀gún ọsàn. N kò lè ṣàpèjúwe bí ó ti rí lára mi. Ọdún 32 ni mo fi ń gbé ohun yìí kiri, mo ń wò ó lójúkojú fún ìgbà àkọ́kọ́.

Dókítà náà ṣàlàyé pé ògiri yìí ní apá méjì. Iwájú rẹ̀ jẹ́ eegun rírọ̀, irú èyí tó wà nínú etí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ eegun líle tẹ́ẹ́rẹ́. Awọ tútù kan ló bò ó lápá méjèèjì, láti ara awọ náà ni eegun rírọ̀ ti ń rí oúnjẹ jẹ. Bí a bá ṣubú, tàbí bí ojú ọmọ bá fún mọ́ nǹkan nígbà ìbí, ó lè yẹ̀ kúrò ní àárín, bí ara sì ti ń dàgbà ni wíwọ́ rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Ó tún sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu: díẹ̀ ni èèyàn tí ògiri imú rẹ̀ tọ́ bí rúlà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó níta lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni tiwọn wọ́ díẹ̀, kò sì dí wọn lọ́wọ́ ohunkóhun. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo èyí tó bá wọ́ ni wọ́n ń gé. Èyí tó bá ń dí èémí, tí oògùn kò sì ràn, ni wọ́n ń fọwọ́ kàn.

Kò gbé ọ̀bẹ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n kọ́kọ́ ju oògùn kíkán náà nù pátápátá, ó fún mi ní oògùn fífín tí í bá wíwú ẹran inú imú jà díẹ̀díẹ̀, ó sì ní kí n máa fi omi iyọ̀ fọ imú lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le gan-an. Lórí àga ni mo ti ń sùn. Nígbà tí oṣù méjì pé, imú òsì ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn, ó ń mí fúnra rẹ̀. Ọ̀tún kò yí padà. Nígbà náà ló tó dá mi lóhùn nípa iṣẹ́ abẹ, ó sì sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2023. Àgbàlagbà 378 tí ògiri imú wọn wọ́, tí ó sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: apá kan ṣe iṣẹ́ abẹ, apá kejì ń lo oògùn fífín àti omi iyọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Oníkálukú wá fi máàkì díwọ̀n ìyọnu tí imú rẹ̀ ń kó bá a, láti òdo dé 110, èyí tó bá pọ̀ jù ni ìyọnu rẹ̀ pọ̀ jù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ wà ní nǹkan bí 20, àwọn tó lo oògùn wà ní nǹkan bí 40. Mo fẹ́ràn pé ó fi òǹkà bá mi sọ̀rọ̀, tí kò kàn ní kí n gba òun gbọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Màámi bèèrè bóyá wọn yóò yí ojú mi padà, nítorí ó ní imú bàbá mi ni mo gbé wáyé, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n mú un lọ. Mo fi í lọ́kàn balẹ̀ pé láti inú ihò imú ni wọ́n ti ń ṣe é, pé kò ní sí àpá kankan lójú. Ṣùgbọ́n n kò fi ewu rẹ̀ pa mọ́ fún ara mi. Dókítà náà ti kà wọ́n fún mi kí n tó fọwọ́ sí ìwé: ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, kòkòrò lè wọ ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì sábẹ́ awọ ògiri náà, eyín òkè níwájú lè kú tipiri fún ìgbà díẹ̀, ògiri náà lè lu jáde, orí imú lè tẹ̀ bí wọ́n bá mú eegun púpọ̀ jù, ó sì ṣeé ṣe kí ìdíwọ́ náà padà wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ yẹ kó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Owó àjọ tí mo kó ní oṣù kẹsàn-án, tí mo ti fẹ́ fi tún òrùlé ṣe, ni mo fi san án.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n ní kí n má lo aspirin tàbí ibuprofen, kí n má sì mu àgbo kankan, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn láìdá. Láti òru ọjọ́ náà, n kò jẹun. Wọ́n tì mí wọ tíátà ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan di ọwọ́ mi mú, ó ń kì mí ní "ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí", mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí oorun fi gbé mi lọ. Wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni iṣẹ́ náà gbà.

Bí wọ́n ti ṣe é, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti yà á sórí ìwé fún mi, ni pé wọ́n la awọ ògiri náà díẹ̀ nínú ihò imú, wọ́n sì ṣí awọ náà kúrò lára eegun jẹ́jẹ́ lápá méjèèjì, bí ẹni tó ń bó èèpo ara ẹ̀wà rírẹ láìfẹ́ kí ẹ̀wà náà fọ́. Wọ́n gé ṣóńṣó ìsàlẹ̀ náà kúrò, wọ́n mú ìba eegun tó wọ́ jù jáde, wọ́n tún èyí tó kù tò sí àárín, wọ́n dá awọ padà, wọ́n sì rán an pọ̀ pẹ̀lú òwú tí ń yọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n tún dín ẹran tó ti wú ní òsì kù. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lágbàáyé. Dókítà Freer ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1902 àti Dókítà Killian ní Jámánì ní ọdún 1904 ni wọ́n kọ ọ̀nà kan sílẹ̀ tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé: kí wọ́n yọ èyí tó wọ́ kúrò, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lókè àti níwájú, kí imú lè rí òpó gbára lé. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún ogún, Dókítà Cottle ní Amẹ́ríkà wá tẹnu mọ́ ọn pé títò ló yẹ kí wọ́n máa tò ó, kí wọ́n má kàn máa yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí imú bàbá mi fi ṣì wà lójú mi.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ara á tu yín lọ́jọ́ kejì, ẹ má gbà á gbọ́. Ìrora náà kò pọ̀ tó bí mo ti rò. Oògùn ìrora tó rọrùn ló ká a. Dídí náà ni ó ṣòro. Wọ́n fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan sí apá kọ̀ọ̀kan ògiri náà, wọ́n fi òwú so wọ́n mọ́ra, kí ó lè dúró níbi tí wọ́n tò ó sí, imú mi méjèèjì sì dí pa ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Orí ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo ń sùn. Omi pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ń jáde, mo ń fi gọ́ọ̀sì gbà á. N kò gbọdọ̀ fun imú, n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé nǹkan wúwo, bí ó bá sì fẹ́ sín mi, mo ní láti la ẹnu sílẹ̀ kí agbára rẹ̀ gba ibẹ̀ jáde. Gbogbo ẹni tó wá kí mi pé "ẹ kú ewu" ni mo ń fi orí dá lóhùn.

Ní ọjọ́ keje ni mo padà lọ. Dókítà gé òwú kan, ó ní kí n mí sínú. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú ẹnu rọ́bà ti ọ̀tún, ó ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gùn ju bí mo ti lérò lọ, omijé ń dà lójú mi láìjẹ́ pé mo ń sunkún, mo sì rí i nígbà tó gbé e sínú àwo, tó funfun, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú sì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tútù kan wọlé. Ó gba apá ọ̀tún imú mi kọjá, ó lọ sókè lẹ́bàá ojú mi, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀fun mi, n kò sì mọ ohun tí í ṣe. Mo di ọwọ́ dókítà mú. Mo bi í léèrè pé kí ló dà sí mi nímú. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ni, mà."

Láti ìgbà náà, n kò lè sọ pé gbogbo nǹkan di pípé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èépá ń dì nínú rẹ̀, omi iyọ̀ ni mo fi ń rọ̀ ọ́. Ó ń là, ó tún ń dí, bí wíwú inú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó lè sọ pé bó ṣe máa rí nìyí. Mo ṣì ń hanrun lọ́jọ́ tí ó bá rẹ̀ mí, nítorí imú nìkan kọ́ ni ìhanrun ti ń wá, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti dá ìrọ̀rí rẹ̀ padà sí yàrá. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ètè mi kò là. Ní ọjọ́ kejì tí a wọlé padà ní oṣù kìn-ín-ní, mo kọ "ọ̀nà", "imú", "ènìyàn" àti "mànàmáná" sójú pátákó, mo sì pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní kí n tún "mànàmáná" pè, mo sì tún un pè.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń ka èyí mọ̀ dájú, nítorí kì í dúró de ọjọ́ kejì. Bí ọmọ bá fi imú gbá nǹkan, ẹ má wo ìta nìkan. Ẹ gbé iná sí i, kí ẹ wo inú ihò méjèèjì. Bí ẹ bá rí nǹkan tó wú rọ̀ǹbọ̀ tó sì pupa dúdú lára ògiri àárín, tí ọmọ náà ń sọ pé imú òun dí, ẹ̀jẹ̀ ló dì sábẹ́ awọ, ó sì ti gé eegun rírọ̀ náà kúrò lára ohun tó ń bọ́ ọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, eegun náà lè kú, imú a sì wọlé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Bí kò bá sí èyí, tí wíwú ìta sì lọ sílẹ̀ lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún, ẹ tún jẹ́ kí dókítà wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí imú tó yẹ̀ ṣeé dá padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ láìlo ọ̀bẹ púpọ̀. Ti iṣẹ́ abẹ irú tèmi, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ọmọ dàgbà tán kí wọ́n tó ṣe é.

Ti òórùn ni mo fi sẹ́yìn, nítorí dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé òun kò lè ṣèlérí rẹ̀. Ó ń padà fún àwọn kan, kì í padà fún àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ aláró Ìtòkú ló ń lo aró kẹ́míkà báyìí, Màámi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìkòkò elu kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé parẹ́. Ó ń gún ewé rẹ̀, ó ń ṣù ú, ó ń sá a, ó ń rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, òórùn rẹ̀ ló sì fi ń mọ ọjọ́ tó tó. Ní oṣù kẹta, mo lọ kí i ní ọjọ́ Sátidé, mo bá a níbi tó ti ṣí ọmọrí ìkòkò náà. Kí n tó kúnlẹ̀ tán, nǹkan gbá mi nímú: òórùn ewé tó ti kẹ̀, tó mú, tó sì dùn díẹ̀ lábẹ́, pẹ̀lú eérú. Mo dúró lórí eékún mi níbẹ̀. Màámi ń wò mí.

"Ó kù díẹ̀," ni ó wí, "àbí ó ti tó?"

Mo tẹ̀ síwájú, mo pa ẹnu dé, mo sì fà á símú.

"Ó ti tó, Màámi."

Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ní kí n bá òun gbé aṣọ àkọ́kọ́ wá.